IBN BATTUTA: ARÌNRÌN-ÀJÒ TÍ Ó RÍ ÀÀLÀ IGI ÀTI ẸRANKO

 

Nígbà tí ààwẹ̀ bá dé tí oòrùn sì wọ̀, dàbínù ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ máa ń fi sẹ́nu nílùú Ọ̀rà yìí. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni ó ní oko dàbínù? Òkè Ọya ni ó ti ń wá, tàbí ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá. Kòkó tí àwọn baba wa sì fi rán ọmọ nílé ìwé, kò sí ẹni tí yóò gbìn ín sínú yanrìn Mẹ́kà kí ó yè. Dàbínù kò ya ọ̀lẹ, kòkó náà kò ya ọ̀lẹ. Kí ló wá dé tí ọ̀kan kò lè jókòó sílé èkejì?

Láti dáhùn ìbéèrè yìí, a fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin kan tí ó rin ilẹ̀ tí ó pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni tí a mọ̀ nígbà ayé rẹ̀. Kì í ṣe olùkọ́ ìmọ̀ igi, kì í sì í ṣe olùkọ́ ìmọ̀ ẹranko. Alùfáà ni, adájọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sùn, ohun tí ó sì rí wúlò fún wa títí di òní. Orúkọ rẹ̀ ni Abu Abdullah Muhammad ibn Abdullah, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ibn Battuta.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI ÌRÌN RẸ̀ ÀKỌ́KỌ́

Ní oṣù Rajab ọdún 703 lẹ́yìn Hijra, èyí tí ó bọ́ sí 1304, ni a bí i nílùú Tangier ní ilẹ̀ Mòrókò. Ìdílé onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ni ìdílé rẹ̀, ọ̀nà náà ni wọ́n sì fi òun pàápàá lé. Ní 1325, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 21, ó dágbére fún bàbá àti ìyá rẹ̀, ó kọjú sí Mẹ́kà láti lọ ṣe Hájì. Òun nìkan ni ó jáde nílé. Kò ní ẹlẹgbẹ́ kankan. Àwọn òbí rẹ̀ rò pé kò ní pẹ́ tí yóò fi padà. Ọdún 24 ni ó tó tún fojú kan ilẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn Hájì rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbélé mọ́. Ó dé Íráàkì àti Páṣíà. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Mogadishu àti Kilwa ní ìlà oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bíi 1331. Ó dé ilẹ̀ àwọn Tọ́ọ̀kì, ó sì dé ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí ọba Delhi, Muhammad ibn Tughluq, ti fi í ṣe adájọ́. Ó ṣe adájọ́ ní àwọn erékùṣù Maldives pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ kan ń ṣiyè méjì bóyá gbogbo ibi tí ó kọ ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀, pàápàá àwọn ìlú kan ní ọ̀nà Ṣáínà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbà.

Níbi gbogbo tí ó dé, ohun tí àwọn ènìyàn ń jẹ àti ohun tí ẹran wọn ń jẹ kì í fò ó lójú. Nílùú Zafar ní etí òkun gúúsù Arébíà, koríko ṣọ̀wọ́n, ẹja kéékèèké tí a ń pè ní sadíìnì ni ó sì kún inú òkun. Ó rí i pé ẹja yìí ni wọ́n ń fún àwọn ẹran ọ̀sìn wọn jẹ, ohun tí kò rí níbòmíràn rí. Nígbà tí ó sì kọ nípa ilẹ̀ òtútù tí ó wà ní òkè àríwá pátápátá, ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò dé, ó ṣàlàyé pé ẹṣin kò lè rìn níbẹ̀, nítorí pé yìnyín ń yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ajá ńláńlá ni ó ń fa kẹ̀kẹ́ àwọn oníṣòwò, nítorí èékánná ajá ń di yìnyín mú. Ajá tí ó bá ti mojú ọ̀nà, tí ó sì ń ṣíwájú àwọn yòókù, tó 1,000 dínárì lówó.

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ọmọ wa. Ajá ń fa ẹrù níbi tí ẹṣin kò ti lè dúró, màlúù ń jẹ ẹja níbi tí koríko kò ti hù. Ilẹ̀ ni ó ń yan ẹni tí yóò gbé orí rẹ̀, ẹni tí kò bá sì bá a mu yóò yà fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí ó ń padà bọ̀ wálé ní 1348, àjàkálẹ̀ àrùn ńlá nì ń pa ènìyàn lọ bí ẹni ń ká ẹ̀wà ní ilẹ̀ Ṣáámù àti Íjíbítì. Ní Damascus ni ó ti gbọ́ pé bàbá òun ti kú láti ọdún 15 sẹ́yìn. Kí ó sì tó dé ilé ní 1349, àrùn náà ti pa ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó rí ayé tó bẹ́ẹ̀ kò rí ìsìnkú bàbá, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ti ìyá. Ìrìn-àjò ní èrè, ó sì ní ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni.

ÌRÌN RẸ̀ SÍ ILẸ̀ ÀWỌN ÈNÌYÀN DÚDÚ

Ìrìn tí ó kàn wá jù ni èyí tí ó rìn kẹ́yìn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Muharram ọdún 753, ìyẹn oṣù Kejì 1352, ó bá àwọn oníràkúnmí kúrò ní Sijilmasa ní gúúsù Mòrókò, wọ́n sì kọjú sí ilẹ̀ Màlí.

Lẹ́yìn ọjọ́ 25 wọ́n dé Taghaza. Kò sí igi kan ṣoṣo níbẹ̀. Iyọ̀ tí a gbẹ́ nínú ilẹ̀ ni wọ́n fi mọ ilé àti mọ́sálásí, awọ ràkúnmí ni wọ́n sì fi bo òrùlé. Òùngbẹ àti eṣinṣin ni ó fi ìlú náà rántí. Àwọn ẹrú tí ń wa iyọ̀ níbẹ̀ kò ní oko. Dàbínù láti Mòrókò, ẹran ràkúnmí àti ọkà láti ilẹ̀ Màlí ni wọ́n ń jẹ. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ibẹ̀ ni wúrà ilẹ̀ náà. Ẹrù ràkúnmí kan tí wọ́n ń tà ní mithqal wúrà 8 sí 10 ní Walata, yóò di 20 sí 30 nílùú ọba Màlí, nígbà mìíràn a tilẹ̀ dé 40.

Walata ni wọ́n dé tẹ̀lé e, ibi tí aṣálẹ̀ ti ń tán lọ. Igi dàbínù díẹ̀ tí kò ga ni ó rí níbẹ̀, abẹ́ òjìji wọn ni wọ́n sì ń gbin bàrà sí. Láti ibẹ̀ lọ sí gúúsù, ojú ilẹ̀ yí padà. Igi ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí yọ lójú ọ̀nà, tí odindi ọ̀wọ́ oníṣòwò lè sinmi lábẹ́ òjìji ọ̀kan ṣoṣo. Inú àwọn igi mìíràn ti ṣófo, omi òjò kún inú wọn bí omi kànga, àwọn arìnrìn-àjò sì ń mu nínú rẹ̀. Oyin ń gbé inú àwọn kan. Nínú ọ̀kan, ẹnu yà á láti bá ahunṣọ kan tí ó gbé òfì rẹ̀ kalẹ̀ tí ó ń hunṣọ. Àwọn onímọ̀ gbà pé igi oṣè ni, igi tí ń kó omi pa mọ́ sínú ara rẹ̀ de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Lẹ́yìn náà ni ó rí igi kan tí èso rẹ̀ dùn, tí wọ́n ń fọ́ kóró rẹ̀ láti yọ òróró. Òróró náà ni wọ́n fi ń se oúnjẹ, òun ni wọ́n fi ń dín nǹkan, òun ni wọ́n ń dá sí fìtílà, òun ni wọ́n fi ń para, wọ́n sì ń pò ó mọ́ erùpẹ̀ láti rẹ́ ilé. Ẹ̀yin ìyá wa ti mọ igi náà kí a tó dárúkọ rẹ̀: igi emi ni, òróró náà sì ni òrí tí ẹ fi ń ra ara ọmọ tuntun. Láti Senegal dé Uganda ni igi yìí ti hù bí ọ̀já gígùn kan tí ó gba àárín Áfíríkà kọjá. Kò wọ inú aṣálẹ̀, kò sì wọ inú igbó kìjikìji.

ẸṢIN, RÀKÚNMÍ, Ọ̀NÌ ÀTI ERINMI

Ibn Battuta dé olú ìlú Màlí ní oṣù Kẹfà 1352, ní ìgbà Mansa Sulayman, arákùnrin Mansa Musa tí òkìkí wúrà rẹ̀ kàn dé Íjíbítì. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí ó dé, òun àti àwọn márùn-ún mìíràn jẹ oúnjẹ kan tí a rò láti ara ohun kan tí ó jọ kókò, tí àwọn ará ìlú fẹ́ràn ju oúnjẹ mìíràn lọ. Gbogbo wọn ni ó ṣàìsàn, ọ̀kan nínú wọn sì kú. Oúnjẹ ọmọ onílẹ̀ lè di májèlé fún àlejò. Oṣù méjì ni ara rẹ̀ kò fi yá. Síbẹ̀, nígbà tí ó ń kọ̀wé, ó yin àwọn ará Màlí nítorí àlàáfíà ojú ọ̀nà wọn, ìdúróṣinṣin wọn lórí ìrun, àti bí wọ́n ti ń fi ọwọ́ líle mú àwọn ọmọ wọn láti há Kùránì sórí.

Nígbà tí yóò kúrò ní oṣù Kejì 1353, ràkúnmí ni ó gùn, nítorí pé ẹṣin kan tó 100 mithqal wúrà nílùú náà. Bẹ́ẹ̀ ó ti rí ilẹ̀ àwọn Tọ́ọ̀kì níbi tí ẹṣin pọ̀ bí ewúrẹ́ tí owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ràkúnmí tí ó gùn náà kò bá a dé ilé. Ó kú sójú ọ̀nà, ó sì ní láti ránṣẹ́ lọ ra òmíràn ní ìlú tí ó jìn tó ìrìn ọjọ́ méjì.

Etí odò ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí kò gbàgbé. Ó lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́bàá omi, ni ọkùnrin onílẹ̀ kan bá wá dúró sí àárín òun àti odò. Inú bí i, ó ka ọkùnrin náà sí aláìnítìjú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣàlàyé fún un pé ọ̀nì ni ọkùnrin náà rí nítòsí, tí ó sì fi ara rẹ̀ ṣe odi fún àlejò. Ní òru òṣùpá kan lẹ́yìn náà, ó rí ẹran ńlá 16 létí omi. Ó pè wọ́n ní erin, títí wọ́n fi kó wọ inú odò lọ. Àwọn tí ó bá rìn sọ fún un pé ẹṣin odò ni wọ́n. Àwa Yorùbá náà rí ohun tí ó rí, erinmi ni a sì pe ẹran náà.

ÀṢÌṢE RẸ̀ NÍPA ODÒ ỌYA

Odò tí a ń sọ yìí ni Odò Ọya. Ṣùgbọ́n Ibn Battuta gbà pé odò Náílì ti Íjíbítì ni. Ó kọ ọ́ pé ó ń ṣàn gba Timbuktu àti Gao, ó dé ilẹ̀ kan tí ó ń jẹ́ Yufi, kí ó tó kọrí sí Núbíà. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé Núpé ni Yufi, àwọn mìíràn ní Ifẹ̀ ni. Ní 1830 ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lander tọ Odò Ọya dé òkun ní gúúsù, tí ọ̀rọ̀ náà sì yanjú.

Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ońkọ̀wé Al-Jahiz ti Basra, tí ó kú ní 869, ti rò ṣáájú pé odò Indus ti ilẹ̀ Sind àti Náílì jẹ́ ọ̀kan, nítorí pé ọ̀nì wà nínú méjèèjì. Al-Masudi já a nírọ́ lẹ́yìn náà, ó ní kò rìn ìrìn-àjò tó.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ jinlẹ̀. Bí ọ̀nì bá wà nínú odò méjì, ìyẹn kò sọ odò méjèèjì di ọ̀kan. Ó fi hàn pé omi méjèèjì ní ohun tí ọ̀nì ń fẹ́: ooru, ẹja, àti etí omi tí ó lè yé ẹyin sí. Ní 2011 àwọn onímọ̀ tilẹ̀ fi àyẹ̀wò àbùdá hàn pé ọ̀nì ilẹ̀ wa ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà àti ọ̀nì Náílì kì í ṣe ẹ̀yà kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ara wọn.

LÁTI IBI TÍ Ó DÚRÓ DÉ Ọ̀RÀ

Ibn Battuta kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí a bá a parí ìrìn náà. Òjò tí ń rọ̀ ní Timbuktu lọ́dún kò ju nǹkan bíi 200 mìlímítà lọ. Ti Èkó ju 1,500 lọ. Àárín méjèèjì ni gbogbo ẹ̀dá ti pín ilẹ̀ láàárín ara wọn. Dàbínù fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun wà nínú omi kí orí òun sì wà nínú oòrùn gbígbẹ. Bí òjò bá ń rọ̀ sí i nígbà tí ó ń pọ́n, èso rẹ̀ a bàjẹ́. Igi emi àti igi igbá fẹ́ ọ̀dàn. Obì fẹ́ òjìji igbó. Kòkó kò fẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn tí ó ju bí oṣù mẹ́ta lọ. Agbègbè Ìgbómìnà tiwa wà létí ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé; bí ènìyàn bá kọjú sí Kwara, ọ̀dàn ni ó ń wọ̀ lọ, bí ó bá kọjú sí gúúsù Ọ̀ṣun, igbó ni.

Òjò nìkan kọ́ ni ó ń pààlà. Eṣinṣin kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní tsetse. Ó fẹ́ òjìji àti ọ̀rinrin, kò lè gbé aṣálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń mu, ó sì ń fi kòkòrò tí ojú kò lè rí sínú ẹ̀jẹ̀ ẹran, tí ẹran yóò máa rù títí yóò fi kú. Òun ni kò jẹ́ kí ẹṣin, ràkúnmí àti màlúù oníké pọ̀ nínú igbó láyé àtijọ́. Màlúù kékeré tí kò ní ìké, tí àwọn baba wa ń sìn, ni ara rẹ̀ gbà á. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìlọrin kọlu Òṣogbo ní 1840, tí Ìbàdàn sì ṣẹ́gun wọn, àwọn òpìtàn ka igbó mọ́ ohun tí kò jẹ́ kí ogun ẹlẹ́ṣin lọ síwájú sí i. Ohun tí apá jagunjagun kò ká, eṣinṣin lè ká a.

Àwọn ààlà wọ̀nyí náà ni ó sì bí ọjà. Nítorí pé obì kò hù ní Timbuktu, tí iyọ̀ Taghaza kò sí nínú igbó, ni ènìyàn fi ń wá ara wọn. Ọ̀nà tí ẹrù gbà ni kéú àti ìwé náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

ÌPADÀBỌ̀ RẸ̀ ÀTI IKÚ RẸ̀

Nílùú Takedda ni àṣẹ ọba Mòrókò, Abu Inan, ti bá a pé kí ó padà wálé. Ó kúrò níbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1353 pẹ̀lú àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń kó nǹkan bíi 600 ẹrúbìnrin la aṣálẹ̀ kọjá, ohun tí kò yẹ kí a kà láìkáàánú. Nígbà tí ó dé Fez, ọba ní kí ó ka gbogbo ohun tí ó rí fún akọ̀wé kan tí ń jẹ́ Ibn Juzayy. Ìwé náà, tí a mọ̀ sí Rihla, parí ní oṣù Kejìlá 1355. Lẹ́yìn èyí ó ṣe adájọ́ ní ilẹ̀ Mòrókò títí ó fi kú ní nǹkan bíi 1369.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ààlà tí a sọ yìí kì í dúró sójú kan. Aṣálẹ̀ tí Ibn Battuta gùn ràkúnmí là kọjá, omi àti koríko ni ó wà níbẹ̀ ní nǹkan bíi 6,000 ọdún sẹ́yìn. Àwòrán erinmi àti màlúù wà lára àpáta Tassili ní Àlìjíríà títí di òní. Ní Ennedi ní ilẹ̀ Chad, ọ̀nì díẹ̀ ṣì kù nínú adágún omi kan láàárín aṣálẹ̀. Omi ti fà lọ kúrò lẹ́yìn wọn, wọn kò sì rí ọ̀nà tẹ̀lé e.

Ìgbà yẹn, àyípadà náà gba ọ̀pọ̀ ọdún. Lóde òní ọwọ́ wa ń yára mú un. Ní 1983 ẹ̀ẹ̀rùn le gan-an ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, iná ìgbẹ́ sì jó ọ̀pọ̀ oko kòkó. Ibi tí a bá gé igi rẹ̀ tán, tí a sì ń sun lọ́dọọdún, koríko ọ̀dàn ni yóò gbà á. Òjìji a lọ, ọ̀rinrin a tẹ̀ lé e, kòkó àti obì a sì di ìtàn. Àwa tí a wà létí igbó ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, nítorí ẹni tí ó wà létí bèbè ni ilẹ̀ ń yẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yé fi iná dẹ ìgbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ó bá gé igi kan, kí ó gbin òmíràn. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbin nǹkan, kí ó bi ilẹ̀ àti òjò léèrè ṣáájú.

Nígbà tí a bá tún fi dàbínù ṣínu lọ́dún tí ń bọ̀, kí a rántí bí ọ̀nà rẹ̀ ti jìn tó, kí a sì rántí ọmọ Tangier tí ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà náà. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, kí Ó fi ìmọ̀ tí ó wúlò kẹ́ àwa náà, kí Ó má sì jẹ́ kí ilẹ̀ wa gbẹ lójú wa. Àmín.